A jọ fẹ́ràn nǹkan kan náà, ṣé ìyẹn tó sọ wá dọ̀rẹ́? Àlàyé lórí ọ̀rọ̀ ìdánìkanwà tó ń lọ

Ó ti ṣe díẹ̀ tí ọ̀rọ̀ ìdánìkanwà ti gba orí ayélujára kan. Àwọn kan ń pín fídíò àwọn tó ń sáré pọ̀ láàárọ̀ Sátidé, àwọn kan ń sọ pé ẹni tí ò bá lọ́rẹ̀ẹ́ kó yáa lọ wá ẹgbẹ́ kan wọ̀, ẹgbẹ́ akọrin o, ẹgbẹ́ àwọn tó ń ta ṣẹ́ẹ̀sì o, ẹgbẹ́ àwọn tó ń kàwé pọ̀ o, àwọn mìíràn sì ń fèsì pé àwọn ti wọ ẹgbẹ́ rí, àwọn lọ, àwọn bọ̀, títí dòní kò sẹ́ni tó mọ orúkọ àwọn níbẹ̀. Láàárín ariwo yìí làwọn nọ́ńbà kan ti ń fò kiri, wọ́n ní ìdánìkanwà ò yàtọ̀ sí kéèyàn máa mu sìgá 15 lójúmọ́, wọ́n ní wákàtí 200 ló ń gbà kéèyàn tó lọ́rẹ̀ẹ́, ẹni tó bá rí i á tún un pín, kò sẹ́ni tó ń béèrè pé ibo ló ti wá. Ẹ jẹ́ ká tú ọ̀rọ̀ náà wò látìdí.

Kí ló dé tó jẹ́ ìsinsìnyí ni gbogbo èèyàn ń sọ ọ́?

Ìròyìn kan ló dáná sí i. Ní June 30, 2025, ìgbìmọ̀ tí Àjọ Ìlera Àgbáyé, ìyẹn WHO, gbé kalẹ̀ lórí àjọṣe ẹ̀dá sọ pé nínú èèyàn 6 láyé yìí, ẹnì kan wà tí ìdánìkanwà ń bá fínra, wọ́n sì fojú bù ú pé ikú tó lé ní 871,000 lọ́dọọdún ló tan mọ́ ọn. Téèyàn bá pín in, ó tó 100 ní wákàtí kọ̀ọ̀kan. Ẹ rántí pé ìṣirò ni o, kò sí ilé ìwòsàn tó ń kọ "ìdánìkanwà" sínú ìwé ẹ̀rí ikú ẹnikẹ́ni. Ohun tí wọ́n ń sọ ni pé ó máa ń bá àrùn ọkàn, rọpárọsẹ̀, ìbànújẹ́ ọkàn àti àwọn nǹkan bẹ́ẹ̀ rìn, ó sì máa ń jẹ́ kí wọ́n burú sí i.

Ohun tó ya ọ̀pọ̀ èèyàn lẹ́nu nínú ìròyìn náà ni àwọn tó kàn. A ti máa ń rò pé àwọn àgbàlagbà tí ọmọ ti fi sílẹ̀ lọ nìkan ló ń jìyà ẹ̀, àmọ́ láàárín àwọn tó wà ní ọmọ ọdún 13 sí 29, ìdá 17 sí 21 nínú ọgọ́rùn-ún ló sọ pé ó ń ṣe àwọn, àwọn ọ̀dọ́langba ló sì pọ̀ jù nínú wọn. Bákan náà, àwọn orílẹ̀-èdè tí owó tó ń wọlé fún wọn kéré ni ọ̀rọ̀ náà ti le jù, nǹkan bí ìdá 24 nínú ọgọ́rùn-ún, nígbà tó jẹ́ pé nǹkan bí 11 ni tàwọn orílẹ̀-èdè olówó, ìyẹn ni pé àwọn tó ń pè é ní àìsàn olówó kò tíì wo nọ́ńbà náà dáadáa.

Ọ̀rọ̀ náà ò sì já bọ́ láti ọ̀run. Ní January 2018 ni Theresa May tó jẹ́ olórí ìjọba Bìrìtéènì nígbà yẹn ti yan Tracey Crouch ṣe mínísítà tí á máa bójú tó ọ̀rọ̀ ìdánìkanwà, àwọn èèyàn rẹ́rìn-ín sí i nígbà yẹn. Japan yan tiẹ̀ ní February 2021. Ní May 2023, Vivek Murthy tó jẹ́ ọ̀gá àgbà dókítà fún ìjọba Amẹ́ríkà nígbà yẹn kéde pé ọ̀rọ̀ náà ti di àjàkálẹ̀, nígbà tó sì di May 2025, àwọn orílẹ̀-èdè tó wà nínú WHO fẹnu kò lórí ìpinnu kan nípa àjọṣe ẹ̀dá, wọn ò ṣe irú ẹ̀ rí. Gbogbo wọn ló ń sọ pé kí àwọn èèyàn máa wá ara wọn rí, kí wọ́n máa ṣe nǹkan pọ̀, ibẹ̀ gan-an ni àríyànjiyàn ti bẹ̀rẹ̀.

Sìgá 15 lójúmọ́ yẹn, ṣé òótọ́ ni?

Ó nídìí, àmọ́ wọ́n ti fa ọ̀rọ̀ náà gùn ju bó ṣe wà lọ. Ní 2010, Julianne Holt-Lunstad àtàwọn ẹlẹgbẹ́ ẹ̀ kó ìwádìí 148 jọ, èèyàn tó lé ní 300,000 ló wà nínú wọn, ohun tí wọ́n sì rí ni pé àwọn tí àjọṣe wọn pẹ̀lú èèyàn dán mọ́rán ní àǹfààní tó fi ìdá 50 nínú ọgọ́rùn-ún ju tàwọn yòókù lọ láti ṣì wà láàyè nígbà tí ìwádìí náà parí. Ibẹ̀ ni wọ́n ti fi í wé sìgá mímu. Àmọ́ ẹ wo ohun tí wọ́n wọ̀n: ṣé ẹni yìí ní ìyàwó tàbí ọkọ, èèyàn mélòó ló ń rí, ṣé ó wà nínú ẹgbẹ́ kankan, ta ló ń ràn án lọ́wọ́, ṣé ó ń rò pé òun ní alábàárò. Gbogbo ẹ̀ ni wọ́n kó pọ̀. Kì í ṣe bó ṣe ń ṣe èèyàn nínú ọkàn nìkan.

Ìyàtọ̀ yẹn ṣe pàtàkì o. Ẹni tó ń dá gbé lè ní èèyàn mẹ́ta tó lè pè láàárín òru tí wọ́n á sì gbé e, ìdánìkanwà ò yọ ọ́ lẹ́nu rárá. Ẹlòmíràn wà láàárín èrò, ilé kún, ibi iṣẹ́ kún, kò sì sẹ́ni tó lè sọ ohun tó wà nísàlẹ̀ ikùn ẹ̀ fún. Ẹni kejì yìí gan-an làwọn tó ń wádìí ọ̀rọ̀ yìí ń pè ní ẹni tí ìdánìkanwà ń bá jà, torí àlàfo tó wà láàárín àjọṣe tó ní àti èyí tó ń wù ú ni wọ́n ń wò.

Ṣé torí pé a jọ fẹ́ràn nǹkan kan náà la ṣe ń di ọ̀rẹ́?

Ẹgbẹ́ ẹyẹ lẹyẹ ń wọ́ tọ̀, gbogbo wa la mọ̀ bẹ́ẹ̀, àwọn onímọ̀ náà ò jiyàn ẹ̀, láti 1954 ni Paul Lazarsfeld àti Robert Merton ti fún un lórúkọ, wọ́n pè é ní homophily, ìyẹn bí àwọn tó jọra ṣe máa ń fà mọ́ra wọn. Ohun tí wọ́n ń jà lé lórí ni bó ṣe ń ṣiṣẹ́.

Theodore Newcomb ti yunifásítì Michigan ṣe nǹkan kan tó dáa láàárín ọdún 1950 sí 1960. Ó kó àwọn ọmọkùnrin 17 tí wọn ò mọra wọn rí sínú ilé kan náà, wọn ò gbowó ilé lọ́wọ́ wọn, kí wọ́n ṣáà máa dáhùn ìbéèrè ẹ̀ lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, nígbà tó di ọdún kejì ó tún kó àwọn 17 mìíràn. Kí wọ́n tó dé rárá ló ti mọ ohun tí oníkálùkù wọn fẹ́ràn àti èrò wọn lórí nǹkan púpọ̀. Ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́, ẹni tó bá sún mọ́ ẹni ní yàrá lẹni ń bá rìn. Àmọ́ bí oṣù ṣe ń gorí oṣù, àwọn tí èrò wọn jọra ló ń wá ara wọn rí, ọ̀rẹ́ yàrá sì ń tú ká díẹ̀díẹ̀. Ṣáájú ìgbà yẹn, ní 1950, Leon Festinger àtàwọn méjì mìíràn ti wo ilé tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tó ti níyàwó ń gbé ní yunifásítì MIT ní Amẹ́ríkà, wọ́n rí i pé ẹni tí ilẹ̀kùn ẹ̀ bá kọjú sí ibi tí gbogbo èèyàn ń gbà kọjá ló ń lọ́rẹ̀ẹ́ jù, kò sí ọgbọ́n míì nínú ẹ̀, wọ́n ṣáà ń pàdé ẹ̀ ni.

Ibi tó wá le díẹ̀ nìyí. Ní 2008, Matthew Montoya àtàwọn ẹlẹgbẹ́ ẹ̀ kó ìwádìí tó lé ní 300 jọ lórí ọ̀rọ̀ jíjọra yìí. Láàárín àwọn tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ pàdé, tí ẹ bá sọ fún mi pé èmi àti lágbájá jọ fẹ́ràn nǹkan kan náà, ojú tí màá fi wò ó á dáa. Àmọ́ láàárín àwọn tó ti ń bára wọn bọ̀ ọjọ́ ti pẹ́, bí wọ́n ṣe jọra sí ní tòótọ́ kò fi bẹ́ẹ̀ ní ohunkóhun ṣe pẹ̀lú bí wọ́n ṣe fẹ́ràn ara wọn tó mọ́. Ohun tó ṣẹ́ kù tó ń ṣiṣẹ́ ni pé wọ́n *gbà* pé àwọn jọra. Àwọn kan wá ń lo èyí láti sọ pé ọ̀rọ̀ ìfẹ́ àjọní, ìyẹn kéèyàn jọ fẹ́ràn nǹkan kan náà, ò ju àròsọ lọ, àwọn kan ní rárá, ohun tó ń jẹ́ kí wọ́n gbà bẹ́ẹ̀ ni pé wọ́n ti jọ ṣe nǹkan pọ̀ títí.

Robin Dunbar ti yunifásítì Oxford, ọ̀gbẹ́ni tí wọ́n máa ń dárúkọ lórí nọ́ńbà 150, ìyẹn iye èèyàn tó ní ẹnì kan lè bá ní àjọṣe gidi lẹ́ẹ̀kan náà, sọ pé nǹkan méje ló ń so ọ̀rẹ́ pọ̀: èdè kan náà, ibi kan náà téèyàn ti dàgbà, irú ẹ̀kọ́ tàbí iṣẹ́ tí a ṣe, ohun tó ń wuni, èrò lórí ayé àti ìwà, ohun tó ń pani lẹ́rìn-ín, àti irú orin téèyàn fẹ́ràn. Bí méje yẹn bá ṣe pọ̀ tó láàárín èèyàn méjì ni ọ̀rẹ́ wọn ṣe ń le tó. Ẹ wò ó, ohun tó ń wuni jẹ́ ẹyọ kan péré nínú wọn. Àmọ́ òun nìkan, pẹ̀lú orin bóyá, lèèyàn lè dìde lónìí kó lọ wá fúnra ẹ̀, torí kò sẹ́ni tó lè padà lọ yan ibi tí wọ́n ti tọ́ ọ dàgbà.

Tó bá rí bẹ́ẹ̀, iṣẹ́ wo gan-an ni ìfẹ́ àjọní ń ṣe?

Ó ń fún èèyàn nídìí láti padà wá. Ìyẹn ni ọ̀pọ̀ nínú àwọn tó ń sọ̀rọ̀ lórí ayélujára ń fò dá. Ẹ wo parkrun. October 2, 2004 ni Paul Sinton-Hewitt bẹ̀rẹ̀ ẹ̀ nínú pápá Bushy Park ní Lọ́ńdọ̀nù, ó ti fara pa nígbà yẹn, kò lè sáré bó ṣe ń sá a tẹ́lẹ̀, àwọn tó máa ń bá sáré ló fẹ́ máa rí. Àwọn 13 ló wá sáré lọ́jọ́ yẹn. Kìlómítà 5, ọ̀fẹ́, Sátidé, ó tán. Lónìí ó ti wà ní orílẹ̀-èdè tó lé ní 20. Kò sẹ́ni tó ní kẹ́nikẹ́ni wá yan ọ̀rẹ́ níbẹ̀, kò sì sẹ́ni tó ń dìde dúró láti sọ ìtàn ayé ẹ̀, àmọ́ ẹni tó bá ti wá lọ́sẹ̀ yìí mọ̀ pé àwọn tí òun rí yìí náà á tún wà níbẹ̀ lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀, nígbà tó bá sì di ẹ̀ẹ̀kẹfà tàbí ẹ̀ẹ̀keje, "ẹ káàárọ̀" á ti di "orúnkún yín ńkọ́?", bí ó ṣe ń bẹ̀rẹ̀ nìyẹn.

Nǹkan kejì ni pé ara náà ń kópa. Emma Cohen àtàwọn ẹlẹgbẹ́ ẹ̀ ní Oxford mú àwọn atukọ̀ 12 nínú ẹgbẹ́ yunifásítì náà, wọ́n ní kí wọ́n lo ẹ̀rọ tó ń ṣe bí ẹni ń tukọ̀ fún ìṣẹ́jú 45, nígbà míì kí oníkálùkù dá ṣe é, nígbà míì kí wọ́n jọ ṣe é pọ̀. Lẹ́yìn náà, wọ́n fi ẹ̀rọ tí dókítà máa ń fi wọn ìfúnpá di apá wọn, wọ́n ń fún un mọ́ ọn títí tí onítọ̀hún á fi ní ó tó. Iṣẹ́ kan náà ni wọ́n ṣe, òógùn kan náà ni wọ́n làá, àmọ́ nígbà tí wọ́n bá jọ ṣe é pọ̀, ìrora tí wọ́n lè fara dà ju ti ìgbà tí wọ́n dá ṣe é lọ dáadáa. Àlàyé tí wọ́n ṣe ni pé ọpọlọ ń tú èròjà endorphin jáde nígbà téèyàn bá ń ṣe nǹkan tí ọwọ́ àti ẹsẹ̀ ẹ̀ ń bá tẹlòmíràn lọ, èròjà yẹn náà ló sì máa ń jẹ́ kí ara tuni lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹni táa bá jọ wà.

Nígbà tó di 2015, Eiluned Pearce, Jacques Launay àti Dunbar tẹ̀ lé àwọn àgbà tó ń lọ sí kíláàsì fún oṣù méje, àwọn kan ń kọ́ orin, àwọn kan iṣẹ́ ọwọ́, àwọn kan bí wọ́n ṣe ń kọ ìtàn. Láàárín oṣù kan péré, àwọn tó ń kọrin ti mọwọ́ ara wọn ju àwọn yòókù lọ. Ìyẹn làwọn èèyàn máa ń pín, "orin ló ń so èèyàn pọ̀ jù", wọ́n á gé e síbẹ̀. Ẹ ka ìyókù: nígbà tí oṣù méje pé, gbogbo kíláàsì ti bára wọn dọ́gba. Orin tètè ń yọ́ ojútì kúrò láàárín àwọn tí ò mọra wọn rí ni, àmọ́ àwọn tó ń hun nǹkan pọ̀ náà dé ibi kan náà, wọ́n ṣáà pẹ́ lójú ọ̀nà díẹ̀.

Wákàtí 200 yẹn ńkọ́?

Jeffrey Hall ti yunifásítì Kansas ló ni ín, 2018 ni wọ́n gbé e jáde. Àwọn tó wádìí lọ́wọ́ wọn ni àwọn àgbà tó ṣẹ̀ṣẹ̀ kó lọ sí ibi tuntun àtàwọn akẹ́kọ̀ọ́ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ yunifásítì, wọ́n ń sọ ẹni tuntun tí wọ́n pàdé àti bí àkókò tí wọ́n ń lò pọ̀ ṣe pọ̀ tó. Ó tó nǹkan bíi wákàtí 50 kí ojúlùmọ̀ tó di ọ̀rẹ́ ojú lásán, nǹkan bíi 90 kó tó di ọ̀rẹ́, ó sì ń lé ní 200 kó tó di ọ̀rẹ́ tímọ́tímọ́. Kì í ṣe òfin o. Ọ̀rọ̀ ẹnu àwọn èèyàn ni, Amẹ́ríkà nìkan ni wọ́n sì ti ṣe é, nítorí náà ẹni tó bá ń ka wákàtí lórí ìwé kó tún un rò.

Èyí tó dùn mọ́ mi jù níbẹ̀ ò sí nínú àwọn nọ́ńbà yẹn. Kì í ṣe gbogbo wákàtí ló níye lórí bákan náà. Wákàtí téèyàn fi jókòó ti ẹnì kan ní ibi iṣẹ́ tàbí nínú kíláàsì kò fi bẹ́ẹ̀ sún wọn mọ́ra. Èyí tí wọ́n fi ṣeré, tí wọ́n fi tàkùrọ̀sọ, tí wọ́n fi béèrè pé báwo ni nǹkan, tí wọ́n fi ṣàwàdà, ìyẹn ló ń sún wọn mọ́ra. Bẹ́ẹ̀ téèyàn bá ń rí ẹnì kan ní wákàtí méjì lọ́sẹ̀, á ju oṣù márùn-ún lọ kó tó pé 50. Nítorí náà, ẹni tó lọ sí ẹgbẹ́ lẹ́ẹ̀mẹ́ta tó wá ní òun ò rí ọ̀rẹ́, kò tíì dé ibì kankan rárá, kì í ṣe pé nǹkan kan ń ṣe é.

Ọ̀rẹ́ orí íntánẹ́ẹ̀tì, ṣé ọ̀rẹ́ ni?

Ibi tí wọ́n ti ń bínú síra wọn jù nìyí. Àwọn kan ní ẹni tí o ò rí lójúkojú kì í ṣe ọ̀rẹ́, àwọn kan ní ọ̀rẹ́ tó dáa jù táwọn ní, orí íntánẹ́ẹ̀tì làwọn ti rí i. Ìtàn kan wà tó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ pé òun ni àwọn ẹni kejì yìí máa ń kọ́kọ́ mú jáde. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan ní Norway ní àrùn tó ń sọ iṣan ara di aláìlágbára díẹ̀díẹ̀, orí kẹ̀kẹ́ ló wà, ọ̀pọ̀ wákàtí lójoojúmọ́ ló fi ń gbá géèmù World of Warcraft, inú àwọn òbí ẹ̀ sì máa ń bà jẹ́ pé ọmọ àwọn ò lọ́rẹ̀ẹ́, kò ní ìfẹ́ kankan láyé. Ọmọ ọdún 25 ni nígbà tó kú ní 2014. Bàbá ẹ̀ kọ ọ́ sórí íntánẹ́ẹ̀tì pé ọmọ òun ti kú, ni lẹ́tà bá bẹ̀rẹ̀ sí í ya wọlé láti orílẹ̀-èdè lóríṣiríṣi, àwọn tí wọ́n jọ ń gbá géèmù fún ọ̀pọ̀ ọdún ń sọ bó ṣe gbà wọ́n nímọ̀ràn, bó ṣe tù wọ́n nínú, bó ṣe parí ìjà láàárín wọn, àwọn kan nínú wọn tiẹ̀ wá síbi ìsìnkú ẹ̀. Tí ẹ bá kà á láàárín ọkàn tó tutù, ẹ máa rí i pé gbogbo ohun tí a ti ń sọ ló wà nínú ẹ̀: àwọn èèyàn kan náà, àkókò kan náà, iṣẹ́ kan tí wọ́n jọ ń ṣe, fún ọ̀pọ̀ ọdún.

Bí a bá wá kúrò níbẹ̀, kì í ṣe gbogbo nǹkan tó wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì ló rí bẹ́ẹ̀. Kéèyàn wà nínú gírúùpù tí èrò 50,000 wà, kó máa kà, kó máa tẹ láìkì, kí ẹnikẹ́ni má mọ̀ ọ́n, ìyẹn yàtọ̀ pátápátá. Láti 1956 ni Donald Horton àti Richard Wohl ti ṣàlàyé irú àjọṣe tó ń wà láàárín èèyàn àti gbajúmọ̀ tó ń wò lórí tẹlifíṣọ̀n, ọ̀kan ń mọ èkejì, èkejì ò mọ̀ pé ẹnì kan wà níbẹ̀. Fífẹ́ràn gbajúmọ̀ fúnra ẹ̀ kò sọ èèyàn di aláìlọ́rẹ̀ẹ́, àwọn tó jọ fẹ́ràn gbajúmọ̀ kan náà máa ń di ọ̀rẹ́ ara wọn, àmọ́ ọ̀rẹ́ wà láàárín àwọn nìyẹn, kò sí láàárín wọn àti gbajúmọ̀ náà.

Èyí tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé ni ọ̀rẹ́ tó jẹ́ ẹ̀rọ, àwọn AI tí wọ́n ṣe láti máa báni sọ̀rọ̀ bí ọ̀rẹ́. Ní 2025, ìwádìí tí àjọ Common Sense Media ṣe ní Amẹ́ríkà sọ pé ìdá 72 nínú ọgọ́rùn-ún àwọn ọ̀dọ́langba ló ti lò ó rí. Àwọn tó ń gbè é lẹ́yìn ní ó sàn ju kí èèyàn wà láìlẹ́ni tó máa bá sọ̀rọ̀ lọ, ó sì lè jẹ́ ibi téèyàn á ti kọ́ bó ṣe máa bá èèyàn gidi sọ̀rọ̀. Àwọn tó ń bẹ̀rù ẹ̀ ní ẹ̀rọ tó máa ń gba gbogbo ohun téèyàn bá sọ, tí kì í rẹ̀, tí kì í já èèyàn kulẹ̀, á jẹ́ kí sùúrù téèyàn fi ń bá ẹ̀dá ẹlẹ́ran ara ṣe tán. Wọn ò tíì lo ẹ̀rọ náà pẹ́ tó láti mọ ẹni tó jàre.

Ṣé kò wá léwu ká máa wá àwọn tó jọ wá nìkan?

Ó léwu díẹ̀, àwọn ìwádìí tó dá lé e lórí sì wà lára èyí tó ń pani lọ́kàn pọ̀ jù. Nínú ìwádìí kan tó gbé jáde ní 1970, Henri Tajfel kó àwọn ọmọkùnrin ọmọ ọdún 14 àti 15 jọ ní Bristol, ó fi àwòrán oríṣi méjì hàn wọ́n, ti Paul Klee àti ti Wassily Kandinsky, láì sọ èyí tó jẹ́ ti ta ni, ó ní kí wọ́n sọ èyí tó wù wọ́n. Lẹ́yìn náà ó sọ fún oníkálùkù pé ìwọ wà lára àwọn tó fẹ́ràn Klee, ìwọ wà lára àwọn ti Kandinsky. Irọ́ ni. Ṣe ló pín wọn bó ṣe wù ú. Lẹ́yìn náà ló wá ní kí wọ́n pín owó fún àwọn yòókù, wọn ò rí ojú ẹni tí wọ́n ń pín fún, wọn ò mọ orúkọ ẹ̀, ẹgbẹ́ ẹ̀ nìkan ni wọ́n mọ̀. Ṣe ni wọ́n ń fún àwọn ara ẹgbẹ́ wọn ní púpọ̀, àwọn kan tiẹ̀ fara mọ́ ọn kí iye tí ẹgbẹ́ tiwọn máa gbà dín kù, bí wọ́n bá ṣáà ti ju àwọn tọ̀hún lọ. Àwòrán tí wọ́n fojú gán-án-ní lásán!

Èkejì ni ti Mark Levine àtàwọn ẹlẹgbẹ́ ẹ̀ ní yunifásítì Lancaster ní 2005. Wọ́n pe àwọn ọmọ lẹ́yìn Manchester United, wọ́n bi wọ́n nípa ẹgbẹ́ wọn, bí wọ́n ṣe fẹ́ràn ẹ̀ tó, wọ́n wá ní kí wọ́n rìn lọ sí ilé kejì. Lójú ọ̀nà, ẹnì kan tó ń sáré bọ̀ yọ̀ ṣubú, ó di kókósẹ̀ ẹ̀ mú, ó ń ké. Tó bá wọ jẹ́sì United, nínú 13 tó rí i, 12 ló yà lọ ràn án lọ́wọ́. Tó bá jẹ́ jẹ́sì Liverpool ló wọ̀, 3 péré nínú 10 ló yà. Tó bá jẹ́ ṣẹ́ẹ̀tì lásán, 4 nínú 12. Àmọ́ nígbà tí wọ́n tún un ṣe, wọ́n yí ìbéèrè tó ṣáájú padà, wọn ò bi wọ́n nípa United mọ́, wọ́n bi wọ́n nípa ohun tó dáa nínú kéèyàn fẹ́ràn bọ́ọ̀lù. Lọ́tẹ̀ yìí, ẹni tó wọ jẹ́sì Liverpool rí ìrànlọ́wọ́ tó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ti ẹni tó wọ ti United. Ẹni tó wọ ṣẹ́ẹ̀tì lásán ni wọ́n ṣì ń kọjá lọ.

Nítorí náà nígbà tí àwọn kan bá ń sọ pé ìfẹ́ àjọní ń mú ìṣọ̀kan wá, tí àwọn kan ń sọ pé ó ń pín èèyàn, ojú kan náà ni wọ́n ń wò láti ìhà méjì. Bí a bá ṣe fa ààlà náà fẹ̀ tó ni. Robert Putnam ti Harvard máa ń pín irú àjọṣe sí méjì, èyí tó ń di àwọn tó ti jọra tẹ́lẹ̀ pọ̀, àti èyí tó ń ṣe afárá láàárín àwọn tí ò jọra. Ẹgbẹ́ akọrin kan lè jẹ́ ibi kan ṣoṣo tí dókítà àti ẹni tó ń gbálẹ̀ ọ́físì ti ń jókòó pọ̀. Ẹgbẹ́ mìíràn wà tó jẹ́ pé owó tí wọ́n ń gbà láti wọ̀ ọ́ nìkan ti tó láti lé gbogbo ẹni tí ò jọ wọ́n sá. Àjọṣe tí ò jinlẹ̀ náà wúlò, Mark Granovetter ti fi hàn láti 1973 pé ọ̀dọ̀ ojúlùmọ̀ ni ọ̀pọ̀ èèyàn ti ń gbọ́ nípa iṣẹ́ tuntun, torí ohun tí ọ̀rẹ́ kòríkòsùn ẹni mọ̀ ni èèyàn fúnra ẹ̀ ti mọ̀.

Ṣé òótọ́ ni pé àwọn ará ìgbà kan lọ́rẹ̀ẹ́ jù wá lọ?

Wọn ò tíì fẹnu kò. Putnam sọ pé láàárín 1980 sí 1993, àwọn tó ń ṣe eré bowling, eré tí wọ́n ti ń yí bọ́ọ̀lù lu àwọn igi tí wọ́n tò, ní Amẹ́ríkà fi ìdá 10 nínú ọgọ́rùn-ún pọ̀ sí i, àmọ́ àwọn tó ń ṣe é nínú ẹgbẹ́ fi ìdá 40 dín kù. Ní 2006 ìwádìí kan tún jáde pé iye alábàárò tí àwọn ará Amẹ́ríkà ní ti já láti nǹkan bíi mẹ́ta ní 1985 sí méjì ní 2004, ariwo sọ. Claude Fischer wo ìwádìí náà ní 2009, ó ní bí wọ́n ṣe béèrè ìbéèrè náà ló fa á, kì í ṣe pé ọ̀rẹ́ dín kù bẹ́ẹ̀. Ẹni tó bá rí nọ́ńbà ti 2006 yẹn lórí ayélujára kó mọ̀ pé èsì wà lẹ́yìn ẹ̀.

Téèyàn bá wọ ẹgbẹ́, ṣé ìdánìkanwà á lọ?

Ìjọba kan ti ń dáwọ́ lé e bí ẹni pé á lọ. Láti 2019 ni ètò ìlera ìjọba ní England, NHS, ti ń gba àwọn òṣìṣẹ́ kan síṣẹ́ tó jẹ́ pé tí dókítà bá rí i pé ìdánìkanwà wà lára ohun tó ń da aláìsàn láàmú, ọ̀dọ̀ wọn ló máa darí ẹ̀ sí, àwọn ni wọ́n á wá bá a wá ẹgbẹ́ tó bá ohun tó fẹ́ràn mu, ọgbà dídá, ìrìn rírìn, àwòrán yíyà. Àwọn tó fẹ́ràn ètò yìí ní oògùn ò lè ṣe ohun tí èèyàn ń ṣe. Àwọn tó ń ṣiyèméjì ní ẹ̀rí tó wà nílẹ̀ kò tíì lágbára tó, àti pé kò sí bí wọ́n ṣe fẹ́ darí aláìsàn sí ẹgbẹ́ tí ibi tó ń lò ti tì pa torí pé owó tán.

Ohun tó tún wà ńbẹ̀ ni pé fún àwọn kan, àìsí ẹgbẹ́ kọ́ ni ìṣòro wọn. Ní 2011, Christopher Masi, John Cacioppo àtàwọn ẹlẹgbẹ́ wọn yẹ oríṣiríṣi ọ̀nà tí wọ́n fi ń gbógun ti ìdánìkanwà wò. Nínú àwọn tí wọ́n dán wò lọ́nà tó péye jù, èyí tó ṣiṣẹ́ jù ni èyí tó ran èèyàn lọ́wọ́ láti tún èrò ẹ̀ ṣe nípa bí àwọn èèyàn ṣe ń wò ó, ó ju kí wọ́n kàn ṣí ibi ìpàdé sílẹ̀ fún un lọ. Ẹni tí ìdánìkanwà bá ti bá jà pẹ́ máa ń fura, á rò pé wọn ò fẹ́ òun, bí ẹnì kan ò bá kí i dáadáa á ti dìde lọ kí wọ́n tó lé e. Irú ẹni bẹ́ẹ̀ gan-an lẹ máa ń rí lórí ayélujára tó ń kọ ọ́ pé òun wọ ẹgbẹ́, kò ṣiṣẹ́, tí wọ́n á sì rọ́ bú u pé kò gbìyànjú tó. Ìyẹn ò dáa rárá.

Ibi sì wà tó jẹ́ pé ó fẹ́ wọ ẹgbẹ́ náà, kò ráyè ni. Ẹni tó ń ṣiṣẹ́ méjì, ẹni tó ń tọ́jú aláìsàn nílé, ẹni tí kẹ̀kẹ́ ẹ̀ ò lè gba ẹnu ọ̀nà wọlé. Ní 1989, Ray Oldenburg, onímọ̀ nípa àwùjọ, sọ pé yàtọ̀ sí ilé àti ibi iṣẹ́, ó yẹ kí ibi kẹta wà tí èèyàn lè yà sí láìnáwó púpọ̀, kí ó máa bá àwọn tó mọ̀ pàdé níbẹ̀. Ilé ìkàwé, pápá ìṣeré, ibi téèyàn lè jókòó sí láìsí pé ẹnikẹ́ni ń lé e. Ìròyìn WHO ti 2025 náà fọwọ́ sí i pé ọ̀rọ̀ náà kan àwọn tó ń gbé ìlú kalẹ̀ àtàwọn tó ń pín owó ìjọba, pé kò yẹ kí wọ́n dá a dá ẹni tó ń jìyà ẹ̀. Wọ́n tún ní kí wọ́n ṣe òṣùwọ̀n kan tí gbogbo orílẹ̀-èdè á jọ máa lò láti fi wọn àjọṣe ẹ̀dá, torí ní báyìí oníkálùkù ló ń fi ìbéèrè tiẹ̀ wọ̀n ọ́n, ìdí sì nìyẹn tí nọ́ńbà orílẹ̀-èdè kan ò fi ṣeé gbé síwájú tèkejì lọ títí.